Metronome kékeré tó tún ìtagìtá mi ṣe

Tó bá ń ṣe yín bíi pé kí ẹ ra gìtá tuntun torí pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò dùn, ẹ ní sùúrù ná. Ohun èlò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bátìrì ló ń lò, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é ni pé kó máa dún "kó, kó, kó" ní ìwọ̀n ìyára tí ẹ bá yàn fún un. Metronome ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, nínú gbogbo ohun tí mo sì ti rà nítorí gìtá, kò sí èyí tó wúlò fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìyára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 30, ó sì lè dé 250. Iye bíìtì (ìró "kó" kọ̀ọ̀kan) tó máa dún láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bí ẹ bá fi sí 60, bíìtì kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú-àáyá kan gẹ́lẹ́. Ó lè pín bíìtì kan sí méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ohùn orin tí wọ́n ń pè ní A (440 hertz) náà wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi tún okùn ṣe: tí ẹ bá tẹ okùn tó tín-ín-rín jù lọ ní fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), ohùn yẹn gan-an ló yẹ kó jáde. Àmọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tuner, ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá ohùn okùn pé, tí wọ́n ń há mọ́ orí gìtá rọrùn jù ú lọ.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ṣe mí lóore ni pípààrọ̀ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn mélòó kan tí à ń ta pa pọ̀. Ẹni tó ń dá ta gìtá, tí nǹkan kan ò bá a ka bíìtì, kì í mọ̀ pé òun ń dúró díẹ̀ kí òun tó kúrò lórí kọ́ọ̀dù G bọ́ sórí C. Ó máa rò pé orin ń lọ geere ni. Metronome kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kíá lẹ máa gbọ́ àlàfo náà. Kọ́ọ̀dù méjì péré ni mo máa ń mú, màá fi ẹ̀rọ sí 60, màá lo bíìtì mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá yá màá sọ ọ́ di méjì, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ọwọ́ tó ń ta okùn kò gbọdọ̀ dúró, kódà bí ọwọ́ kejì ò bá tíì dé ibi tó ń lọ. Ẹni tó ń gbọ́ yín lè má fiyè sí ohùn kan tó ṣì, ṣùgbọ́n kò sí bí kò ṣe ní mọ̀ bí orin bá dúró lójijì. Ẹ tún máa wo ìka tí kò yẹ kó kúrò. Láti C sí A minor, ìka òrùka nìkan ló ń ṣí. Àwọn méjì yòókù á dúró síbi tí wọ́n wà.

Ní ti ìyára, ibi tí mo bá ti lè ta apá kan orin lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láìkọsẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ 45. Màá wá fi 4 tàbí 5 kún un. Bí ọwọ́ bá tún dàrú, màá dín 10 kù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìgbà téèyàn bá rọra ń ta á ló máa ń rí ohun tí eré sísá ń bò mọ́lẹ̀, pé ìka jìnnà sí fírẹ́ẹ̀tì, tàbí pé òun ń tẹ okùn ju bó ṣe yẹ. Ìka tó bá wà lẹ́bàá fírẹ́ẹ̀tì gan-an kò nílò agbára púpọ̀.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù rèé. Tí orin bá wà ní 80, ẹ fi metronome sí 40, kí ẹ wá gbà pé bíìtì kejì àti ìkẹrin ló ń dún, ibi tí onílù máa ń gbá snare (ìlù olóhùn mímú) nínú ọ̀pọ̀ orin òde òní. Bíìtì àkọ́kọ́ àti ìkẹta ti di tiyín nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa fi ara yín mú un. Yóò kọ́kọ́ ṣe yín bíi pé ẹ̀rọ náà ń sáré tàbí pé ó ń falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ló wà. Ẹ fẹnu kà á kí ẹ tó gbé gìtá: "ọ̀kan, kó, ẹ̀ta, kó." Ìgbà tí èyí mọ́ mi lára ni mo tó lè bá àwọn ẹlòmíràn ta gìtá láìmáa sáré ṣíwájú wọn.

Ó ní ibi tó kù sí. Spíkà rẹ̀ kò lágbára. Bí ẹ bá ń ta gìtá olókùn irin tagbáratagbára, ẹ ò ní gbọ́ ọ, íápíìsì onówáyà ni mo fi ń gbọ́ tèmi. Kò ní Bluetooth, èmi ò sì kà á sí àbùkù, torí ohùn tó bá gba ibẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó détí, ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ náà kò sì ní bá a mu mọ́. Ohun tí wọ́n fi ń yí ìyára rẹ̀ máa ń yí fúnra rẹ̀ nínú àpò. Kò sì lè sọ fún yín bóyá ẹ wà lórí bíìtì. Fóònù ni mo fi ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, màá tún un gbọ́ lọ́jọ́ kejì.

Bí owó kò bá sí, áàpù ọ̀fẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Èmi yan ẹ̀rọ torí pé ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ ò lè dá mi dúró láàárín ìdánrawò. Ẹni tí okùn ṣì ń dun ìka rẹ̀, tí kọ́ọ̀dù kan kò tíì dún ketekete lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó má tíì rà á.

Tí àwọn tó ṣe é bá máa ṣe òmíràn, kí wọ́n jẹ́ kó lè ka bíìtì mẹ́jọ, kó dákẹ́ fún mẹ́jọ, kó tún padà dún, bí àwọn áàpù kan ṣe ń ṣe, kéèyàn lè mọ̀ bóyá òun ṣì wà níbi tó yẹ. Ìyẹn nìkan ló lè mú mi ra ẹ̀rọ mìíràn.