Ẹsẹ̀ Mazda Miata: Ti Autocross àbí Ti Road Racing?

Ẹni tó bá ra Miata, mọ́tò kékeré oníjòókòó méjì ti Mazda, láti fi sáré, kó má tíì náwó sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹsẹ̀ mọ́tò náà, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti àwọn irin tó so táyà mọ́ ara mọ́tò, ni kó kọ́kọ́ mójú tó. Àwọn Miata tí Mazda ṣe láti 1989 di 2005 ni mò ń sọ, torí àwọn ni wọ́n ń lò fún Spec Miata, kíláàsì road racing tó jẹ́ ti Miata nìkan, lábẹ́ SCCA, ẹgbẹ́ eré mọ́tò ní Amẹ́ríkà.

Ní autocross, wọ́n á to kóònù sórí ilẹ̀ gbalasa, ẹ ó dá sáré níwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ó tán. Kóònù kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbá, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n á fi kún àkókò yín. Ní road racing, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ mọ́tò mìíràn lẹ jọ máa wà lórí títì tí wọ́n ṣe fún eré mọ́tò, bíi Road Atlanta tàbí Laguna Seca, ó sì lè tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré tó parí.

Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì

Street, ìyẹn kíláàsì autocross fún mọ́tò tí wọn ò tún ṣe púpọ̀, ò gbà kí ẹ pààrọ̀ sípíríǹgì. Nítorí náà, orí ṣọ́ọ̀kì lowó ń lọ. Ṣọ́ọ̀kì Bilstein dára, àmọ́ bó ṣe wá náà ló máa wà. Koni aláwọ̀ yẹ́lò ṣeé yí, ẹ lè mú kó le tàbí kó rọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń nà padà. Koni ni èmi á rà. Ìdí ni pé ilẹ̀ ò rí bákan náà: kọnkéré Lincoln ní Nebraska, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Solo Nationals, ìdíje autocross SCCA fún gbogbo Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀dà tó ti sán ní ìlú yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra stabilizer iwájú tó nípọn. Irin yìí ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, kì í jẹ́ kí mọ́tò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, ó sì ń jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn tó wà nínú kọ́nà máa tẹ ilẹ̀, kó má kàn yí lásán nígbà tí ẹ bá tẹná.

Ní Spec Miata, kò sí àríyànjiyàn: sípíríǹgì iwájú jẹ́ 700 pọ́n-ùn fún íǹṣì kan, ti ẹ̀yìn 325. Ó le gan-an, ṣùgbọ́n orí títì tó dán ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé e lọ sí autocross, ẹ ti jáde kúrò ní Street nìyẹn, àwọn mọ́tò tí wọ́n ti tún ṣe jù tiyín lọ lẹ ó máa bá figagbága.

Ẹ ṣọ́ra fún coilover (ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó wà pọ̀, tí ẹ lè fi gbé mọ́tò sókè tàbí sísàlẹ̀) olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń polówó pé ó máa mú mọ́tò sún mọ́lẹ̀. Àyè tí ṣọ́ọ̀kì Miata ní láti wọlé kò tó nǹkan. Bó bá ti lọ sílẹ̀ jù, orí rọ́bà inú ṣọ́ọ̀kì ló máa jókòó lé, ẹsẹ̀ á le lójijì láàárín kọ́nà, ẹ̀yìn mọ́tò á sì yọ̀.

Aláínìmẹ́ǹtì (bí táyà ṣe dojú kọ ọ̀nà)

Eré méjèèjì fẹ́ kí orí táyà iwájú tẹ̀ sínú dáadáa. Ibi tí imú táyà kọjú sí ni eré méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Fún autocross, ẹ jẹ́ kí imú táyà iwájú yà síta díẹ̀, kí mọ́tò lè tètè wọ kọ́nà. Ti ẹ̀yìn lè wà ní gbọọrọ. Fún road racing, ẹ jẹ́ kí imú táyà ẹ̀yìn wọnú díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn mọ́tò á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré.

Táyà àti bíréèkì

Táyà 200 treadwear (nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ) ni Street fẹ́, kí ẹ sì yan èyí tó tètè ń gbóná. Bíréèkì páàdì ti road racing kì í mú nígbà tó bá tutù, nítorí náà kò wúlò fún eré ìṣẹ́jú kan. Lórí títì, afẹ́fẹ́ inú táyà á máa pọ̀ sí i bó ṣe ń gbóná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ ò bá tíì mọ èyí tó wù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Koni, stabilizer iwájú àti táyà. Bó bá jẹ́ road racing ló dá yín lójú, ẹ má wulẹ̀ kọ́ mọ́tò fúnra yín. Ẹ wá Spec Miata tí ẹnì kan fẹ́ tà, torí owó kéèjì irin, ìjókòó àti bẹ́líìtì nìkan á ju ti ṣọ́ọ̀kì lọ fíìfíì. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò mọ́tò náà, ẹ wo ìpatà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á nígbà tó tún ṣọ́ọ̀kì ṣe kẹ́yìn.