Windows, Mac àbí Linux: láptọ́ọ̀pù wo ni kí ẹ fi ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ ní Kabba?

Kí ẹ tó ná láptọ́ọ̀pù kankan, ẹ bi ara yín pé: fáìlì ta ni mo fẹ́ máa ṣí? Kọ́ńtírátọ̀ tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá kì í bi èèyàn pé irú ẹ̀rọ wo ló ń lò. DWG ló máa fi ránṣẹ́, ìyẹn fáìlì tí AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ń lò. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ó lè jẹ́ fáìlì Revit, ètò tí wọ́n fi ń ya odindi ilé.

Windows
Revit, SolidWorks (ti ẹ̀yà ẹ̀rọ) àti Civil 3D (ti ọ̀nà àti ilẹ̀), Windows nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Bí oúnjẹ yín bá ti ọ̀kan nínú wọn wá, ọ̀rọ̀ ti tán, Windows ni kí ẹ rà, kí RAM rẹ̀ má sì dín ní 16GB. Ẹ yẹ tòkúnbọ̀ wò dáadáa: Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní October 2025, èyí tí kò bá lè gba Windows 11, ẹ já owó rẹ̀ wálẹ̀ gidi.

Mac
AutoCAD wà fún un, àmọ́ àwọn irinṣẹ́ kan tó wà nínú ti Windows kò sí níbẹ̀. Mac tó ń lo M1, tó jáde ní 2020, àtàwọn tó tẹ̀ lé e, kò gba Boot Camp mọ́, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń gbé Windows sórí Mac. RAM tó bá bá a dé náà lẹ máa lò títí. Bátìrì rẹ̀ nìkan ló ń wọ̀ mí lójú, pàápàá lọ́jọ́ tí iná bá ti lọ láti àárọ̀ tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n.

Linux
Kò sí AutoCAD fún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi Wine, ohun tó ń gbé ètò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, gbé e, ẹ ní kó wá ṣe é lójú yín.

BricsCAD, ètò tó jọ AutoCAD, wà fún Linux gan-an. Owó ni wọ́n ń tà á, àmọ́ ẹ lè fi ọgbọ̀n ọjọ́ dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń ṣí DWG, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni FreeCAD, ó dé 1.0 ní 2024, ó dára fún ẹ̀yà ẹ̀rọ, àmọ́ ó nílò ohun tí yóò bá a yí DWG padà.

Mo ti fi ètò ọ̀fẹ́ mìíràn ṣí àwòrán ilé oníyàrá mẹ́ta rí. Gbogbo ìlà pé, àmọ́ nọ́ńbà ìwọ̀n gun ara wọn: 3600 ti yàrá lọ jókòó sórí 1200 ti fèrèsé. Bíríkìlà tó dúró lẹ́yìn mi bẹjú wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé fèrèsé ló fẹ̀ tó báyìí?" Mo ṣí i nínú BricsCAD, kálukú padà sáyè rẹ̀.

Onshape ńkọ́? Orí búráwúsà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, àmọ́ ó ń jẹ dátà, gbogbo ayé ló sì lè rí ohun tẹ́ ẹ bá yà lórí ti ọ̀fẹ́. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò rẹ̀ ń ṣẹ́jú, kó fi í sílẹ̀.

Tèmi rèé: tòkúnbọ̀ kan, mo pín dísìkì rẹ̀ sí méjì. Linux àti BricsCAD ni mo ń lò lójoojúmọ́. Ìgbà tí fáìlì Revit bá dé ni mò ń tan apá Windows. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni.