AquaClear 70 fún táńkì ẹja omi òkun tí kò ní sump (táńkì kejì tó máa ń wà nísàlẹ̀ fún sísẹ́ omi), ní Àgbádárìgì

Asẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn táńkì yìí tó fún lítà 150: ó ń fa nǹkan bíi lítà 1,100 ní wákàtí kan. Ẹ fọ fóòmù rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi táńkì ni kí ẹ sì fi fọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí tó bá jẹrà síbẹ̀ á di nitrate (èròjà kan nínú omi), iyùn (coral, ẹ̀dá òkun abẹ̀mí) kì í sì fẹ́ ẹ. Bí iná bá lọ, asẹ́ yìí sàn ju canister (asẹ́ alágolo) lọ dáadáa, torí omi inú ìyẹn, tó dé pa, máa ń rùn kí iná tó dé. Àmọ́ ooru ibí! Tí omi táńkì bá fà jù, asẹ́ lè má fa omi mọ́. Omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ ń kù. Skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi) ńkọ́? Ẹ rà á lọ́tọ̀.