JAWS àbí NVDA: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ rà fún òṣìṣẹ́ tí ojú ẹ̀ ò ríran l'Ékòó?

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́ kan ní Yaba tàbí ní Marina, tàbí ẹ̀yin lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, tẹ́ ẹ wá gba ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran síṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín ni pé kí la máa gbé sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó máa ka ojú ẹ̀ sókè fún un, ṣé JAWS tí wọ́n ń tà ni àbí NVDA tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ jẹ́ n ti sọ èrò tèmi báyìí: ẹ kọ́kọ́ fi NVDA dán an wò, ẹ má tíì náwó sórí JAWS àfi tí sọ́fúwíà ọ́fíìsì yín bá kọ̀ jálẹ̀ tàbí tó bá jẹ́ JAWS lẹni yẹn ti mọ̀ látilẹ̀, kẹ́ ẹ wá kó owó yẹn sórí láptọ́ọ̀pù tó dáa àti ẹni tó máa kọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jiyàn, ẹ ṣáà kà á tán ná.

Fún ẹni tí ò tíì rí i rí, screen reader ni JAWS àti NVDA, ìyẹn sọ́fúwíà tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ẹni tó ń lò ó ò nílò máòsì, kíbọ́ọ̀dù ló fi ń rìn káàkiri. Tó bá wà nínú Excel, tó tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ "45,000, B7", ìyẹn iye tó wà nínú àpótí tó dé àti orúkọ àpótí náà, tó bá tún tẹ̀ ẹ́, ó ti dé B8 nìyẹn. Àwọn tó ti mọ́ lára máa ń jẹ́ kí ohùn yẹn sáré débi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì wọ́n ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ geere.

JAWS ló ti pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Ted Henter, tó máa ń fi alùpùpù sáré ìdíje kí jàǹbá mọ́tò tó gba ojú ẹ̀, ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti DOS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò kí Windows tó gbòde, jáde ní 1989, ti Windows tẹ̀ lé e ní 1995, Freedom Scientific ló ń ṣe é báyìí. Ibi tó ti lágbára jù ni pé wọ́n lè kọ ohun tí wọ́n ń pè ní script fún un, ìyẹn ni pé tí ọ́fíìsì yín bá ní sọ́fúwíà àtijọ́ kan tí ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè kọ́ JAWS bó ṣe máa kà á. Ó tún mọ Word àti Excel dénú. Àmọ́ dọ́là ni wọ́n fi ń tà á, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ojú náírà ń rí lọ́wọ́ dọ́là, àti pé láìsẹ́ńsì tẹ́nì kan rà fún ìlò ilé ara ẹ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ti iṣẹ́ yàtọ̀, ó sì wọ́n ju ti ilé lọ. Ẹ lè gbé e wò láìsan nǹkan kan o, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 40 ni, tó bá ti pé, ó dákẹ́ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tún tan án. Ẹ wo ẹni tó ń dáhùn ìpè kọ́sítọ́mà, tí kọ̀ǹpútà wá dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé àwọn ní kíráàkì JAWS ní kọ̀ǹpútà fílééjì n'Íkẹjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Olè ni, ẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n dì mọ́ ọn, orí kọ̀ǹpútà tí ìwé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ yín wà lẹ máa gbé e sí.

NVDA ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran tó jẹ́ ará Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2006, òun àti James Teh ni wọ́n jọ dá NV Access tó ń bójú tó o sílẹ̀, ojú àwọn méjèèjì ò sì ríran. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn gan-an torí pé ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ẹni tí ò ríran máa ń sanwó tó pọ̀ kó tó lè lo kọ̀ǹpútà tẹ́lòmíì ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ lè gbé e sórí gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni ò ní bi yín. Ó tún ṣeé gbé sórí flash, tí ẹni náà bá ti ki flash bọ inú kọ̀ǹpútà Windows tí ò tíì gbó jù, tó ṣí NVDA látorí ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ó fi nǹkan kan sórí ẹ̀. Láti ẹ̀dà 2025.1 ni wọ́n ti fi Remote Access sínú ẹ̀, tí ẹni tó wà ní Ìkòròdú fi lè ran ẹni tó wà ní Broad Street lọ́wọ́ láìwọ mọ́tò. Ohun tí mo rò pé ó kù síbẹ̀ ni ohùn eSpeak tó bá a wá, ó le létí ẹni tí ò tíì mọ́ lára, àmọ́ tó bá jẹ́ òun ló ń sọ̀rọ̀, ẹ lè yí i sí ohùn Windows, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣé gbogbo ayé ti wá fi JAWS sílẹ̀ ni? Rárá o. Nínú ìwádìí tí WebAIM, àjọ kan tó ń rí sí bí àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣe ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe láàárín àwọn tó ń lo screen reader, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2024, ìdá 40.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní JAWS làwọn ń lò jù, NVDA ní 37.7, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó dáhùn, níbi tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ti máa ń báni sanwó ẹ̀.

Ohun tó yẹ kó dá ẹjọ́ yẹn gan-an ni sọ́fúwíà tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Àǹtí kan tí mo mọ̀ wà ní ẹ̀ka owó oṣù ní ọ́fíìsì kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ra gbogbo nǹkan fún un, ó dé orí páyróòlù wọn, gbogbo ohun tó ń gbọ́ ò ju "button, button, button" lọ, kò mọ bọ́tìnì tó ń fi iṣẹ́ pa mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń pa á rẹ́. Wọ́n fi NVDA gbé e wò, wọ́n fi JAWS gbé e wò, bákan náà ni. Ọmọ tó kọ sọ́fúwíà yẹn ni ò kọ orúkọ sára bọ́tìnì, nígbà tó sì jókòó tó kọ ọ́, àwọn méjèèjì ń kà á. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà jókòó sídìí iṣẹ́ yẹn gan-an pẹ̀lú NVDA, kó ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ibi tó ti há sílẹ̀. Tí sọ́fúwíà bá jẹ́ ti yín, ẹ tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ti àjèjì tí ò ṣeé fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ni JAWS àti script ẹ̀ ti tó owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́mò náà tún wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi fóònù ya ìwé ní fọ́tò, tẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di PDF, àwòrán lásán ni, kò sí ọ̀rọ̀ tí screen reader máa rí kà nínú ẹ̀. NVDA lè gbìyànjú ẹ̀ tí òṣìṣẹ́ yín bá tẹ Insert àti R, JAWS náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìkà máa ń pọ̀. Ẹ fi Word ránṣẹ́ o jàre.

Screen reader míì tó ń jẹ́ Narrator ti wà nínú Windows látilẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Windows àti Enter pọ̀, ó dáa fún ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, mi ò ní fi í ṣiṣẹ́ ojoojúmọ́. Tó bá jẹ́ Mac lọ́fíìsì yín ń lò, VoiceOver, screen reader tiẹ̀, wà lórí ẹ̀ láti 2005, kò sí ohun tẹ́ ẹ tún máa rà. Fún ẹni tó ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ Windows àti àmì àròpọ̀ kí Magnifier tó ń sọ ohun ojú kọ̀ǹpútà di ńlá jáde, tíyẹn ò bá tó o ni kẹ́ ẹ tó máa bèèrè ZoomText tí wọ́n ń tà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti láptọ́ọ̀pù, torí ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ náwó sí. Ẹ wá èyí tó ní SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó ń yára ju háàdì dísíkì àtijọ́ lọ, àti RAM 8GB ó kéré tán, bátìrì tó lè dúró tí NEPA bá mú iná lọ, àti kíbọ́ọ̀dù tó ní Insert níbi tọ́wọ́ ti lè tètè kàn án. Nílé ìtajà ní Otigba, ní kọ̀ǹpútà fílééjì Ìkẹjà, ẹ mú flash tí NVDA wà lórí ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi flash yìí gbọ́ ọ ná", kẹ́ ẹ ki íápíìsì bọ ojúhò ẹ̀, kẹ́ ẹ fún òṣìṣẹ́ yín kó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Tí ohùn bá ń kọsẹ̀, tàbí tó ń pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ gbé e padà fún wọn, bó ti wù kó rẹwà tó.

Òfin náà ò dákẹ́ o. Ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù January 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fi ààyè ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, sílẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, Èkó sì ti ní òfin tiẹ̀ láti 2011, LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ló ń bójú tó o. Àmọ́ ẹ má dúró de òfin.

Fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ bèèrè ní ibùdó ìkọ́ṣẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ní Oshòdì. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bèèrè níbì kankan, ẹ bi òṣìṣẹ́ yín fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé JAWS ló fi kàwé ní yunifásítì, tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ gbogbo kíì ẹ̀, ẹ má fipá gbé NVDA lé e lọ́wọ́ torí pé ọ̀fẹ́ ni, owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ pa mọ́ yẹn, iṣẹ́ tó máa fà sẹ́yìn ló máa jẹ ẹ́. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà fún un ní bíi ọ̀sẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó lọ tò ó bó ṣe fẹ́ nílé.