Oṣù mẹ́ta tí màmá mi fi lá lẹ́búlẹ́bú "stem cell"

Páálí lẹ́búlẹ́bú "stem cell" (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara) mẹ́fà la rà, 38,000 náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá kéékèèké 14 ló sì wà nínú páálí kan. Àwọn èèyàn ṣì ń bi mí bóyá ó ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bàtà tuntun bó wọn ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì, egbò náà ò sì jiná. Ẹsẹ̀ yẹn tutù bí omi àmù. Tí wọ́n bá rìn dé ẹnu géètì, ẹ̀yìn ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, wọ́n á dúró. Arábìnrin kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé lẹ́búlẹ́bú náà wá. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ẹsẹ̀ yín o. Stem cell rèé. Gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti dí ló máa hù ní tuntun." Ó fi fídíò hàn wá lórí fóònù, níbi tí dókítà òyìnbó kan ti ń ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì tó ń di iṣan ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú náà pọ́n bí osùn, ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń dà á sí láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, màmá ní ara àwọn fúyẹ́, èmi náà sì gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, arábìnrin yìí sọ fún wọn pé oògùn ṣúgà ló ń dènà iṣẹ́ rẹ̀. Màmá rọra dá metformin wọn dúró, wọn ò sọ fún mi. Èmi ni mo máa ń ka oògùn wọn tẹ́lẹ̀, mo sì ti jáwọ́ níbẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù kẹta, ìka náà dúdú. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa orí ẹsẹ̀ wọn, ó gbé ẹ̀rọ kan tó rí bíi bírò, tó ń jẹ́ kí a gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, lé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún dún: fùú, fùú, fùú. Ó gbé e sí òsì, ó ń wá a kiri, ohun tó gbọ́ ò ju ìró atẹ́gùn abẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Màmá wojú mi. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan.

Inú wọ́ọ̀dù yẹn ni mo ti ń kàwé lóru, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù ni pé ọ̀rọ̀ inú fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ní 1997, àwọn olùwádìí kan, Asahara àti Isner, ní Boston kọ̀wé pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà tó lè di ara iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di 2002, àwọn dókítà ní Japan ti fa mùdùnmúdùn láti egungun ìbàdí àwọn aláìsàn fúnra wọn, wọ́n sì gún un sínú ẹran ẹsẹ̀ wọn. Ìrora dínkù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ ni, ara ẹni ni wọ́n sì ti mú un. Ẹ̀yìn páálí tiwa kọ ápù àti èso àjàrà. Sẹ́ẹ̀lì ápù ò lè di iṣan ẹ̀jẹ̀ èèyàn láé, ohun tí a bá sì gbé mì, bí inú ṣe ń lọ àmàlà ló máa lọ òun náà. Lẹ́tà wínníwínní kan tún wà nísàlẹ̀ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò.

Kódà ojúlówó iṣẹ́ náà ò rọrùn. Èèyàn 525 ló wà nínú ìwádìí kan tó ń jẹ́ TAMARIS, níbi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ jíìnì wò: dípò sẹ́ẹ̀lì, jíìnì (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé) ni wọ́n ń gún sínú ẹsẹ̀ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lè hù. Nígbà tí èsì jáde ní 2011, àwọn tó gba jíìnì àti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ lásán, bákan náà ni wọ́n ṣe ń pàdánù ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí. Japan fún abẹ́rẹ́ jíìnì mìíràn, Collategene, ní àṣẹ onígbà díẹ̀ ní 2019. Ní 2024, ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ fa ìwé tó fi ń béèrè àṣẹ kíkún padà. Èyí tó fún mi nírètí ni Symvess, tí FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní December 2024: iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì èèyàn hun, tí wọ́n wá fọ sẹ́ẹ̀lì náà kúrò kí ara aláìsàn má baà bá a jà. Àgbàlagbà tí ìjàǹbá ba iṣan ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ló wà fún, kì í ṣe irú àìsàn màmá mi.

Ohun tó gba ẹsẹ̀ màmá là ni bàlúùnù kékeré tí wọ́n tì wọ inú iṣan tó dí, tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀nà lè là, àti aspirin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, atorvastatin tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, metformin tí wọ́n padà sí, àti egbò tí a ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n gé.

Mo ya ẹ̀yìn páálí náà ránṣẹ́ sí arábìnrin yẹn. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì kó tó pè mí. Ó ń sunkún: bàbá òun náà ń lá a, wọ́n sì ti dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn dúró. Mo ní kó mú wọn wá sí kílíníìkì màmá lọ́jọ́ Tuesday, kí nọ́ọ̀sì gbé bírò yẹn lé ẹsẹ̀ tiwọn náà.