Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ra Lọ́fíńdà Olówó Gọbọi ní Ìdajì Owó

Ẹ̀yin ará, mo kọ èyí kí owó ẹlòmíràn má baà wọgbó bí tèmi ti wọgbó. Ní oṣù tó kọjá, mo ra ìgò Sauvage kan, ti ilé iṣẹ́ Dior, oníwọ̀n 100 ml, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń polówó ọjà rẹ̀ lórí Instagram, tó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Èkó. Mo fẹ́ fi ta àbúrò mi ọkùnrin lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó rẹ̀ ni. ₦95,000 ni mo san, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́kọ́ béèrè ń pe iye tó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ń kó o bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nínú ẹrù ara rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ó jẹ́ òótọ́.

Kì í ṣe pé mo rà á láìgbóòórùn rẹ̀. Ó gbé ìgò kan jáde, ó fọ́n ọn sí ọrùn ọwọ́ mi, òórùn náà sì ni èyí tí mo mọ̀. Mo ná ọjà kiri fún bíi wákàtí méjì, kò kúrò lára mi. Mo padà, mo sanwó, ó sì fa páálí kan tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin lé mi lọ́wọ́. Ibi tí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ wà gan-an nìyí: ojúlówó ni ìgò tó fi ń tọ́ oníbàárà wò, ayédèrú ló wà nínú páálí. Ta ni yóò sì tú ọ̀rá ẹ̀bùn tó fẹ́ fún ẹlòmíràn kí ó tó gbé e délé?

Nígbà tí àbúrò mi fọ́n ọn, ó ta sánsán fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ìdajì wákàtí tó pé, òórùn ọtí líle lásán ló kù, nígbà tí ilẹ̀ sì fi máa mọ́, ọrùn rẹ̀ ti sú wìnnìwìnnì. Àǹtí wa tó ti ń ta lọ́fíńdà láti ọjọ́ pípẹ́ ló là wá lóye. Ó ní lọ́fíńdà ní òórùn àkọ́kọ́ tó máa ń tètè fò lọ, ó sì ní èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti Sauvage, tí François Demachy pò, tó sì jáde ní 2015, èso bergamot tó jọ ọsàn ni imú máa ń kọ́kọ́ gbọ́, èròjà olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní ambroxan ló sì máa ń dúró. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni à ń lò nídìí àtẹ, nítorí náà òórùn àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n ń sapá láti fara wé.

Àǹtí ní kí á gbé ìgò náà wá. Òòfà wà nínú ìdérí Sauvage gidi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fà mọ́ ìgò. Tiwa kàn ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀ ni. Irin ọrùn ìgò, níbi tí ó ti ń fọ́n, yẹ kí ó le dan-in. Tiwa ṣeé fi ọwọ́ yí kúrò. Àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ sí ìdí ìgò yẹ kí ó bá ti ìdí páálí mu. Tiwa kò jọra rárá. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tilẹ̀ bára mu, kí á má tíì yọ̀, nítorí àwọn kan wà tó ń ra ìgò òfìfo ti ojúlówó, tí wọ́n sì ń rọ nǹkan mìíràn sí i. Wọ́n ti wá ra irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun náà rí. Láti ìgbà náà, ó máa ń fọ́ tirẹ̀ kí ó tó dà á nù.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ojúlówó pàápàá tó iye tí wọ́n ń pè é. Owó orúkọ, ìgò àti ìpolówó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní owó tó sì fẹ́ràn òórùn náà kò ṣòfò. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó wo irú Club de Nuit Intense Man ti Armaf, tí òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti Aventus, lọ́fíńdà olówó gọbọi mìíràn ti ilé iṣẹ́ Creed, tí owó rẹ̀ sì kéré jìnnà sí i. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń jẹ́, kò tan ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń ṣe ayédèrú òun náà. Èmi ò ní ra orúkọ ńlá ní ìdajì owó mọ́ láé.

Bí ẹ bá máa rà á ṣá, páálí tí ẹ máa gbé lọ gan-an ni kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú níwájú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó dárúkọ ọjà náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Èmi kò gba rìsíìtì. Nígbà tí mo padà lọ bá oníṣòwò náà, ó ní ọjà tí a bá ti tú ọ̀rá rẹ̀ kò ṣe é dá padà, ó sì dí mi lọ́nà lórí WhatsApp ní ọjọ́ kejì. Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tí mo san láti báńkì. Láàárín ìgbà náà, ó ti yí orúkọ ojú-ìwé rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n fídíò rẹ̀ kò yí padà: àtẹ aláwọ̀ ewé kan náà ni, ọwọ́ tó sì ń tú páálí ṣì wọ òrùka fàdákà méjì sí ìka kan.