Debian stable: wọ́n ń tún un ṣe láì yí i padà

Debian stable, ìyẹn ẹ̀dà Linux tí Debian ti dán wò kí wọ́n tó gbé e jáde, ló wà lórí púpọ̀ nínú àwọn sáfà tí mo ń tọ́jú. Ẹgbẹ́ ààbò wọn ló mú kí n dúró tì í. Àwọn ni wọ́n máa ń mú àtúnṣe láti inú ẹ̀dà tuntun wá sínú ẹ̀dà àtijọ́, tí gbogbo nǹkan yòókù á sì wà bó ṣe wà. Ẹ̀dà tí sọ́fúwìà kan bá wà nígbà tí stable jáde, orí rẹ̀ náà ni yóò máa wà, àfi ìwọ̀nba bíi Firefox àti Chromium tí wọ́n máa ń gba ẹ̀dà tuntun fún. Ẹni tó bá ti rí i rí kí ètò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kọṣẹ́ lónìí, kìkì nítorí pé ẹ̀dà tuntun wọlé lóru, yóò mọ bí èyí ti níye lórí tó.

Heartbleed, àléébù kan nínú OpenSSL (sọ́fúwìà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kéde rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àléébù náà mọ̀ (CVE) sì ni CVE-2014-0160. Bí ẹnìkan bá fi heartbeat, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tí sáfà máa ń dá padà láti fi hàn pé ìsopọ̀ ṣì wà, ránṣẹ́ sí sáfà, tó purọ́ pé ọ̀rọ̀ òun gùn ju bó ṣe gùn lọ, OpenSSL á gbà á gbọ́, á wá fi ohunkóhun tó bá wà nítòsí nínú memory dí àlàfo náà, ó lè tó kìlóbáìtì 64 lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sáfà lè wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn náà lè wà níbẹ̀. Láti 1.0.1 dé 1.0.1f ni àléébù yìí wà, 1.0.1g ni OpenSSL fi tún un ṣe. Orí 1.0.1e ni Debian 7 wà. Wọn ò gbé g lé wa lórí. Àyẹ̀wò gígùn tó sọnù yẹn ni wọ́n mú, wọ́n fi sínú e, wọ́n pè é ní 1.0.1e-2+deb7u5, ó sì jáde lọ́jọ́ 7, ọjọ́ tí ìkéde náà jáde gan-an. Iṣẹ́ tó kù fún alábòójútó ni kó tún gbogbo ohun tó ń lo OpenSSL tàn, kó sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti sàtífíkéètì. Kò sí pé à ń jókòó wádìí ohun mìíràn tí g yí padà, nígbà tí gbogbo ayé ń sáré.

Wàhálà tó bá a rìn ni nọ́ńbà. Àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò ààbò kan máa ń rí 1.0.1e, wọn á ké gbàjarè pé sáfà ṣí sílẹ̀, oníbàárà á sì gbé ìwé náà wá pẹ̀lú ìbínú. Ohun tó wà lẹ́yìn +deb ló yẹ kí wọ́n kà. Mo máa ń ṣí changelog.Debian.gz fún wọn lábẹ́ /usr/share/doc, níbi tí wọ́n kọ nọ́ńbà CVE kọ̀ọ̀kan sí, ìjà á sì parí.

Iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Nínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, `git cherry-pick -x` á mú commit (ìyípadà kan tí wọ́n ti fi pamọ́) láti ẹ̀ka kan sí òmíràn, á kọ ibi tó ti wá sí i, bí kóòdù bá sì kọlu ara wọn á dúró de ẹni tó máa yanjú rẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìgbà tí kò sí ìkọlù rárá: commit wọlé wẹ́rẹ́, ó compile, síbẹ̀ ohun tó gbára lé nínú ẹ̀ka tuntun kò sí nínú ti àtijọ́. Bó ṣe rí nìyẹn ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn tó ń tọ́jú kernel, ọkàn Linux, mú àtúnṣe kan fún ext4 (ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì) wọ ẹ̀ka 6.1, ìyípadà kan tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀ nínú iomap, apá mìíràn nínú kernel, kò bá a wá, kernel 6.1.64 sì di ohun tó lè ba dátà jẹ́. Ọjọ́ 9 ni Debian ń gbé 12.3, àkójọ àtúnṣe fún Debian 12, jáde pẹ̀lú kernel náà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe update, wọ́n kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo unattended-upgrades, tó máa ń fi àtúnṣe wọlé fúnra rẹ̀, ní tiwọn. Lọ́jọ́ kejì, 12.4 jáde pẹ̀lú 6.1.66.

Mo yìn wọ́n fún bí wọ́n ṣe sọ ọ́ síta láìfi nǹkan pa mọ́. Síbẹ̀, kernel kì í dá wọ sáfà mi mọ́. Èyí tí mo fi ń dán nǹkan wò ló ń kọ́kọ́ gbà á.

Ọdún 3 ni ìtọ́jú yìí, ẹgbẹ́ LTS (ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́) á wá gbà á títí yóò fi pé ọdún 5. Ẹ má ṣì í pọ̀ mọ́ backports, àkójọ mìíràn tí Debian ní, o. Sọ́fúwìà tuntun látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ẹgbẹ́ ààbò kì í sì í bójú tó o. Bí mo bá nílò ẹyọ kan níbẹ̀, ẹyọ yẹn nìkan ni mo ń mú.